Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Ẹ̀jẹ̀ Màmá fẹ́ wọ bàálù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdajì wọn ló sì dá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn àwọn tó ń wá gba ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ fún ìwádìí tí àwa àti òyìnbó jọ ń ṣe. Mo ti kó èyí tó jọra pọ̀, mo gé àwọn tó gùn jù, mo sì yọ orúkọ yín kúrò bẹ́ ẹ ṣe ní kí n yọ ọ́. Ẹni tó bi mí nípa ẹsẹ̀ wíwú, ẹ ní sùúrù, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Àwọn kan wá sílé wa n'Ìbàdàn níbí, wọ́n láwọn ń ṣe ìwádìí nípa àwọn àgbà tó ń gbàgbé nǹkan, pé àwọn àti yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà ló jọ ń ṣe é. Wọ́n bi màmá mi (ẹni ọdún 74 ni wọ́n) ní ìbéèrè lóríṣiríṣi, wọ́n ní kí wọ́n sọ ọjọ́ tí òní jẹ́, kí wọ́n júwe ọ̀nà ọjà, àfi bíi pé wọ́n ń ṣe ìdánwò. Màmá ń rẹ́rìn-ín, inú wọn ń dùn. Ìgbà tí wọ́n wá láwọn máa gba ẹ̀jẹ̀, pé díẹ̀ nínú ẹ̀ máa wọ bàálù lọ sí òkè òkun, ni bùrọ̀dá mi fò dìde pé láéláé, pé ṣé a mọ ohun tí òyìnbó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ìyá òun ṣe ni. Ìyàwó wọn ní ká gbà, ọkọ mi ní ká má gbà. Àwọn èèyàn yẹn láwọn á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni ká ṣe?
*Àbíkẹ́yìn Màmá, Ìbàdàn*

Àbíkẹ́yìn Màmá, ẹ bá mi kí màmá. Ẹ sì bá mi sọ fún bùrọ̀dá pé mi ò bá wọn jà o, ìbéèrè tí wọ́n béèrè yẹn dáa gan-an, ẹni tí wọ́n bi ni kò tọ́, torí ẹ̀yin ará ilé ni wọ́n ń pariwo mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tó gbé kúlà wá ló yẹ kí wọ́n bi.

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan fún yín, torí nǹkan yìí kì í ṣe tuntun n'Ìbàdàn rárá. Ní 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun, dókítà ọpọlọ tí òkìkí ẹ̀ kàn káyé nígbà náà, àti Hugh Hendrie ti Indiana University l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan pọ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé àwọn àgbà tó ń gbé Ìdíkàn n'Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ìlú Indianapolis, tó jẹ́ pé apá ibí ni wọ́n ti kó baba ńlá wọn lọ, ṣé bákan náà ni wọ́n ń ṣarán lọ́jọ́ ogbó? Wọ́n mú àgbà 2,459 n'Ìbàdàn, wọ́n mú 2,147 ní Indianapolis, ẹni ọdún 65 sókè ni gbogbo wọn, orí gbogbo wọn sì pé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá ń padà lọ wò wọ́n títí di 1998.

Ìbéèrè tí wọ́n bi màmá yẹn náà nìtàn tirẹ̀. Àwọn ìyá tí ò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí lẹ fẹ́ dán wò, tẹ́ ẹ bá gbé ìdánwò òyìnbó tó ní kí wọ́n ka ìwé kí wọ́n yàwòrán síwájú wọn, gbogbo wọn ló máa féèlì, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ wọn ti dàrú, nígbà tó jẹ́ pé ìyá yẹn mọ gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ lówó láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Àwọn ẹ̀yà Cree ní Kánádà, tí ọ̀pọ̀ àgbà wọn náà ò lọ ilé ìwé, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú ìbéèrè yìí fún, kí wọ́n tó wá tún un ṣe sí Yorùbá, wọ́n sì ń bi ẹbí tó ń bá àgbà náà gbé pẹ̀lú pé ṣé ó ṣì ń ṣe nǹkan bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí màmá fi lè máa rẹ́rìn-ín.

Èsì jáde ní 2001. Tẹ́ ẹ bá kó ẹgbẹ̀rún àgbà jọ fún ọdún kan, bíi 13 tàbí 14 ni àìsàn ìgbàgbé tuntun máa ń mú n'Ìbàdàn, ó lé ní 32 ní Indianapolis. Ìlọ́po méjì lé! Ó tún wá jẹ́ pé jíìnì kan (ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí) tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tó máa ń dá kún ewu Alzheimer's, oríṣi àìsàn ìgbàgbé kan, lára òyìnbó, kò fi bẹ́ẹ̀ ja àwọn ará Ìdíkàn. Ó ya gbogbo ayé lẹ́nu, torí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ àìsàn yìí kì í ṣe ti inú ẹ̀jẹ̀ nìkan, oúnjẹ, ìrìn ẹsẹ̀, ọkàn, ìtọ́ ṣúgà, gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀. Ọ̀ṣúntókun ti kú ní 1995, kò rí èsì yẹn. Ẹ wo ohun tí àwọn ìyá tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn fi kọ́ ayé.

Èkejì tún wà. Ní 2002 ni àwọn orílẹ̀-èdè kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní HapMap, wọ́n fẹ́ ya máàpù ìyàtọ̀ tó wà nínú jíìnì ọmọ aráyé. Èèyàn 270 péré ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, láti Utah l'Amẹ́ríkà, Tokyo, Beijing, àti ibo? Ìbàdàn. 90 ni tiwa, bàbá, ìyá àti ọmọ nínú ìdílé 30. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Clement Adebamowo wà lára àwọn tó ṣètò tiwa, wọ́n sì jókòó bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Títí dòní, inú lábù Coriell ní ìlú Camden, New Jersey, ni wọ́n tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yẹn sí, ó ṣì ń dàgbà, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé sì ń rà á. YRI ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Yorùbá ti Ìbàdàn. Nọ́ńbà ló wà lára ìgò, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá wọ àpérò àwọn onímọ̀ jíìnì níbikíbi, tẹ́ ẹ ní Yorùbá lẹ̀ ń ṣe, ẹ ó rí i bí wọ́n á ṣe yíjú wò yín bíi pé wọ́n ti mọ ẹbí yín.

Ó dáa. Àwọn tó fẹ́ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ethics (àwọn tó ń rí i pé ìwádìí ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ) hàn yín, gbogbo ìwádìí tó tọ́ ló ní in, nọ́ńbà àti ọjọ́ tó máa parí á wà lára ẹ̀. Ìgbìmọ̀ àgbà tó ń darí wọn, NHREC, wà l'Ábújá, ìwé ìlànà wọn ti wà láti 2007, òfin ìlera ti 2014 sì tì í lẹ́yìn. Nínú ìlànà yẹn, ẹ̀jẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣàdédé kúrò ní Nàìjíríà, ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ wà tó sọ ohun tó ń lọ, ibi tó ń lọ àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa dà á nù, àbí wọ́n fẹ́ tọ́jú ẹ̀ fún ìwádìí míì? Tí màmá bá yí ọkàn padà lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Tí wọ́n bá rí àìsàn kan nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣé wọ́n máa sọ? Nọ́ńbà fóònù ìgbìmọ̀ yẹn máa ń wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù. Ẹ pè é. Ẹ má pe ti ẹni tó wá gba ẹ̀jẹ̀ nìkan, torí ta ni yóò sọ pé ọbẹ̀ òun ò dùn? Kí wọ́n sì fi ẹ̀dà fọ́ọ̀mù kan sílẹ̀ fún yín, kí wọ́n kà á ní Yorùbá, kí wọ́n rọra kà á, kì í ṣe bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀.

Ohun kan ṣẹ́ kù tó ń dùn mí nínú lẹ́tà yín. Ẹ sọ ohun tí bùrọ̀dá wí, ẹ sọ ti ìyàwó wọn, ẹ tún sọ ti ọkọ yín. Kí ni màmá fúnra wọn wí? Ẹni tó mọ ọjọ́ tí òní jẹ́ lè sọ bóyá òun fẹ́ tàbí òun ò fẹ́. Ẹ̀jẹ̀ wọn ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbè sẹ́yìn òyìnbó, ṣé ẹ ti gbàgbé Kano ni? Wọ́n dán oògùn wò lára ọmọ ọlọ́mọ, àwọn ọmọ kú, àwọn míì yarọ, ẹ tún ní ká na apá wa. Èmi ò ní gbà, ọmọ mi ò ní gbà.
*Ọmọ Mushin tí kò gba gbẹ̀rẹ́*

Ọmọ Mushin, mi ò gbàgbé. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ gbàgbé, ẹ sá fún un.

Fún àwọn tí ò mọ̀ ọ́n: ní 1996, mẹninjáítìsì, àìsàn tó máa ń mú ọrùn gan yẹn, ń pa àwọn ọmọdé nípakúpa ní àríwá. Ilé-iṣẹ́ Pfizer gbé oògùn tuntun kan wá sí ọsibítù ní Kano, Trovan lorúkọ ẹ̀, wọ́n kó ọmọ 200 jọ, wọ́n fún 100 ní Trovan, wọ́n fún 100 yòókù ní oògùn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú, 5 nínú àwọn tó gba Trovan, 6 nínú àwọn yòókù. Wọ́n ní àwọn míì di adití, àwọn míì yarọ. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni, pé ìtọ́jú làwọn rò pé àwọn ń gbà. Ìwé tí wọ́n gbé jáde pé ìgbìmọ̀ ethics ọsibítù fọwọ́ sí i, ó wá hàn lẹ́yìn náà pé ẹ̀yìn tí wọ́n ti ṣe é tán ni wọ́n kọ ọ́, wọ́n kàn fi déètì àtijọ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ní 2009 wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi yanjú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìjọba Kano.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan ńbẹ̀. Iye ọmọ tó kú nínú àwọn tó gba Trovan ò ju ti àwọn yòókù lọ, kí àìsàn yẹn pa èèyàn kì í ṣe tuntun. Ohun tó bà á jẹ́ ni ohun tí àwọn òbí wí yẹn, pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn. Ìyẹn ló gba ìgbẹ́kẹ̀lé lọ́wọ́ wọn, nígbà tó sì di 2003 tí wọ́n gbé àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ (polio) dé, Kano kọ̀ ọ́, wọ́n ní irú wọn náà ni. Polio tún wá gbérí láti ibẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè míì tó ti kúrò. Àwọn ọmọ tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló san gbèsè yẹn.

Ṣùgbọ́n Kano yẹn kan náà o. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn dókítà Kano àti Kaduna bá Vanderbilt University l'Amẹ́ríkà pawọ́ pọ̀ lórí àwọn ọmọ SS tó wà nínú ewu àrùn rọpá-rọsẹ̀ látinú ọpọlọ, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn hydroxyurea ní ìwọ̀n kékeré tó láti dáàbò bò wọ́n. Èsì jáde ní 2022 pé ìwọ̀n kékeré yẹn ò yàtọ̀ sí ìwọ̀n tó jù ú lọ nínú dídènà rẹ̀. Ẹni tó bá ń ra oògùn yẹn lójoojúmọ́ fún ọmọ SS á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nínú àpò. Ìbéèrè wa ni, ọmọ wa ni, dókítà wa wà nídìí ẹ̀.

Èmi náà jẹ̀bi tèmi, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo bá àwọn kan gbé fọ́ọ̀mù kiri ojúlé, mi ò ní dárúkọ wọn. Bàbá kan wà tó ń ta àlùbọ́sà lọ́nà ọjà wa, èmi ni mo fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, mo ní a máa padà wá sọ èsì fún wọn. Iṣẹ́ parí, wọ́n kó kúlà wọn lọ, a ò gbúròó wọn mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá ni bàbá á na ọwọ́, wọ́n á ní "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ mi ńkọ́, ṣé ó ti débi tó ń lọ?" Ọdún méjì. Mo wá ń gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí lọ sọ́jà. Torí náà Ọmọ Mushin, tẹ́ ẹ bá kọ̀, ẹ̀tọ́ yín ni, dókítà tó bá sì fìyà jẹ yín torí pé ẹ kọ̀, òun ló jẹ̀bi. Ẹ kàn má fi ti Kano kọ àjẹsára ọmọ. Ọ̀tọ̀ ni oògùn tí wọ́n ṣì ń dán wò, ọ̀tọ̀ lèyí tí wọ́n ti dán wò tán.

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ ǹlẹ́ o. Ọsibítù tí mo ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní London níbí kọ̀wé sí mi pé àwọn fẹ́ kí n wọ inú ìwádìí kan nípa kíndìnrín, pé àwọn ń wá àwọn aláwọ̀ dúdú ní pàtàkì. Inú bí mi. Kí ló dé tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú? Ṣé a ti di eku lábù ni?
*Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham*

Ọmọ Ẹ̀gbá, mo mọ ibi tó ti ń dùn yín. Àmọ́ ẹ gbọ́ ọ wò. UK Biobank tó jẹ́ ti ìlú tẹ́ ẹ wà yẹn, níbi tí wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ àti ìtàn ìlera àwọn èèyàn jọ sí fún ìwádìí, ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ni wọ́n gbà sínú ẹ̀ láti 2006 sí 2010, bíi 94 nínú 100 ló jẹ́ òyìnbó. Inú ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ gbogbo ayé ti ń wá ohun tó ń fa àìsàn. Tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò bá sí ńbẹ̀, aṣọ tí wọ́n bá rán, ara ẹlòmíì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kíndìnrín yìí gan-an lẹ́rìí tó dáa jù. Ó pẹ́ táwọn dókítà Amẹ́ríkà ti ń rí i pé kíndìnrín aláwọ̀ dúdú máa ń tètè bàjẹ́, wọ́n ń dá a lẹ́bi pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, iyọ̀ ni, wọn ò lo oògùn ni. Ní 2010 ni wọ́n rí jíìnì kan, APOL1. Ẹ mọ ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́? Ètò míì tó tẹ̀lé HapMap, 1000 Genomes lorúkọ ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ti Ìbàdàn wà ńbẹ̀, wọ́n fi wé ti òyìnbó, wọ́n rí irú APOL1 méjì kan tó pọ̀ lára wa tí kò sí lára tiwọn. Ohun tó gbé e wá ni pé ó máa ń dáàbò boni lọ́wọ́ àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ẹ̀yin náà mọ ti AS, bó ṣe ń gbani lọ́wọ́ ibà àmọ́ tí S bá pé méjì ó di wàhálà, ohun tó jọ ọ́ nìyí. Ohun tó gba baba ńlá wa sílẹ̀ nínú igbó ló ń gbé ọmọ ẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Ó wá kù síbì kan: tẹ́lẹ̀, ará Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń wò ó, wọ́n ní àfi tó bá pé méjì lára èèyàn, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, kí ewu tó wà. Àwọn dókítà Nàìjíríà àti Ghana pẹ̀lú àwọn ọmọ wa tó wà l'Amẹ́ríkà wá yẹ èèyàn tó lé ní 8,000 wò nílé níbí, èsì jáde ní 2024: bíi 3 nínú 10 ló ní méjèèjì, ewu àìsàn kíndìnrín wọn sì fi bí ìdámẹ́rin ga sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹyọ kan náà ò bọ́ pátápátá. Ìyẹn ò lè jáde láti London, ilé ló ti jáde. Wọ́n ti ń dán oògùn kan wò báyìí, inaxaplin, tó dojú kọ APOL1 yìí ní tààrà.

Nítorí náà ìdí tí wọ́n fi ń wá aláwọ̀ dúdú nìyẹn. Tó bá jẹ́ èmi, màá wọ̀ ọ́, màá sì bi wọ́n tìkanratìkanra pé tí oògùn yìí bá ṣiṣẹ́, èló ni wọ́n fẹ́ tà á l'Abẹ́òkúta? Wọn ò ní ní èsì o. Ẹ ṣáà bi wọ́n, kí wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan ń béèrè. Tẹ́ ẹ bá sì kọ̀, NHS ò lè torí ẹ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n fún wa ní owó ọkọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wa níbi ìwádìí, ọ̀rẹ́ mi ní a ti ta ẹ̀jẹ̀ wa nìyẹn. Ṣé lóòótọ́ ni?
*Ọmọ ilé ìwé, Àkúrẹ́*

Rárá o. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán kì í ṣe owó ẹ̀jẹ̀, ẹ fi àkókò yín sílẹ̀, kò yẹ kẹ́ ẹ tún ná owó yín lé e. Ìgbà tí owó bá pọ̀ débi tẹ́ ẹ fi di ojú tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ohun tẹ́ ẹ ò kà ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Mo kí yín o. Bàbá mi ní àgbo kan tí bàbá wọn fi lé wọn lọ́wọ́ fún àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Olùkọ́ yunifásítì kan àti òyìnbó kan láti Jámánì wá bá wọn, wọ́n fẹ́ kọ orúkọ gbogbo ewé àti egbò tó wà ńbẹ̀, wọ́n láwọn á fi orúkọ bàbá sínú jọ́nà, ìwé tí àwọn onímọ̀ ń gbé ìwádìí wọn jáde nínú ẹ̀. Bàbá ti fẹ́ sọ ọ́ torí pé inú wọn dùn sí àlejò.
*Ọmọ Oníṣègùn, Ìsẹ́yìn*

Ẹ tètè di bàbá lẹ́nu mú, ẹ fi ọ̀wọ̀ dì í mú ṣùgbọ́n ẹ dì í mú.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Reverend Ogunyale, oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá, ní àgbo ìdílé fún àìsàn yìí gan-an, ó gbé e lọ bá ilé ìwádìí ìjọba NIPRD l'Ábújá ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ń darí ẹ̀. Ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀, nǹkan ọjà wa ni: ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ó ń dín ìrora tó máa ń kọlu àwọn aláìsàn kù, wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan. Èyí tó yẹ ká yìn ni pé wọ́n bá Reverend ṣe ìwé àdéhùn, wọn ò kàn gbé e lọ. Wọ́n wá fún ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, láṣẹ láti máa ṣe é, ó dé ọjà Nàìjíríà ní 2006. Ní 2008 Xechem wọ gbèsè, ó di ẹni tí ń bẹ kóòtù l'Amẹ́ríkà, oògùn sì pòórá ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó jalè. Gbèsè ẹlẹ́gbèsè ní New Jersey ló gba àgbo Yorùbá lẹ́nu ọmọ Yorùbá.

Torí náà kí bàbá tó dárúkọ ewé kan ṣoṣo, kí ìwé wà nílẹ̀, kí lọ́yà tiyín kà á (kì í ṣe lọ́yà tiwọn). Kí ó sọ ẹni tó ni ìmọ̀ yẹn, ohun tó máa kan ìdílé tó bá di owó, kí ó sì sọ ọ́ gbangba pé tí ilé-iṣẹ́ tó gbà á bá kógbá sílé, àṣẹ padà sọ́wọ́ yín. Àdéhùn àgbáyé kan wà lórí èyí, ti Nagoya ní Japan, 2010 ni wọ́n ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, Nàìjíríà wà ńbẹ̀, Jámánì náà wà ńbẹ̀, òyìnbó yẹn á ti gbọ́ ọ rí. Ẹ dárúkọ Nagoya, kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀. Orúkọ bàbá nínú jọ́nà dáa, àmọ́ kì í sanwó ilé ìwé. Àti pé ẹ jọ̀ọ́, kí bàbá má sọ fáwọn aláìsàn pé kí wọ́n jáwọ́ nínú oògùn ọsibítù torí àgbo.

Ọ̀gá mi, ọmọ ilé ìwé ni mí l'Ógbómọ̀ṣọ́, máíkíróbáyọ́lọ́jì ni mò ń kà. Mo fẹ́ wọ inú irú ìwádìí yìí àmọ́ ó jọ pé iṣẹ́ ká fa ẹ̀jẹ̀ ká dì í sínú yìnyín nìkan ni wọ́n ń gbé fún wa, òyìnbó ló ń ṣe èyí tó dùn.
*Ọmọ tó ń wá ọ̀nà*

Ó rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ṣì rí bẹ́ẹ̀ níbòmíì. Ṣùgbọ́n gba ọ̀nà Ẹdẹ kọjá wò, kò jìnnà sí ẹ. Lábù kan tí wọ́n ń pè ní ACEGID tẹ́lẹ̀, tó ń ka jíìnì kòkòrò àìsàn, wà ní Redeemer's University ńbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ló ń darí ẹ̀, òun àti Pardis Sabeti ti Broad Institute l'Amẹ́ríkà ti jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ibà Lassa tipẹ́. July 2014 tí Ebola wọ Èkó, lábù Happi àti ti ọsibítù LUTH ló sọ pé òun ni, wọn ò dúró de òkè òkun. Ní 2020 tí ará Ítálì kan gbé kòrónà wọlé tó dé Ògùn pẹ̀lú ẹ̀, Ẹdẹ náà ni wọ́n ti ka gbogbo jíìnì kòkòrò yẹn tán, kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Ọmọ bíi tìẹ ló jókòó nídìí ẹ̀rọ yẹn.

Ètò ìwádìí jíìnì H3Africa náà, tí NIH (àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà) àti àjọ Wellcome ti ìlú ọba náwó lé fún bí ọdún mẹ́wàá láti 2012, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ló ṣáájú ẹ̀, ilé tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ìwádìí sí kan sì wà l'Ábújá fún un, kì í ṣe New Jersey. Nítorí náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ka jíìnì, kọ́ ìṣirò, ìyẹn "èyí tó dùn" tí ò ń wí. Ẹ̀jẹ̀ fífà, oṣù kan lo fi máa mọ̀ ọ́n.

Mi ò ní parọ́ fún ẹ, owó ti ń ṣe kínkín. Ní May 2025 NIH kéde pé owó tó máa ń gba ọwọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà kọjá sí òkè òkun, àwọn ò ní ṣe é bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àfi tí wọ́n bá gbé ètò tuntun kalẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé igi kan ṣoṣo ló so okùn mọ́ á ti mọ̀ ọ́n lára. Ìjọba tiwa ńkọ́? Ẹ má jẹ́ n sọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ fi èyí ránṣẹ́ ni Àbíkẹ́yìn Màmá tún kọ ìwé. Wọ́n ní àwọn èèyàn yẹn padà wá, ìwé àṣẹ wọn pé, wọ́n pe nọ́ńbà ìgbìmọ̀ lójú wọn, ẹnì kan gbé e. Wọ́n wá bi màmá. Màmá ní òun ti gbà látọjọ́ yẹn, pé ẹnikẹ́ni ò bi òun ni. Wọ́n na apá, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, bùrọ̀dá yíjú sẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ ni màmá wá ní kí wọ́n dúró, pé ìdánwò tí òun ṣe lọ́jọ́sí, máàkì èló lòun gbà, àwọn tó wà l'Amẹ́ríkà ńkọ́, èló ni tiwọn?